Sí Gíwá LASU: Ilé Ẹ̀kọ́ Kan Wà Lẹ́yìn Ọgbà Yín

Sí Gíwá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, Ọ̀jọ́, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ,

Iṣẹ́ títún tẹlifíṣọ̀n ṣe ni èmi tí mo ń kọ̀wé yìí fi ń jẹun ní Alaba Rago. Mo mọ̀ pé ìwé tó ń dé orí tábìlì yín pọ̀, nítorí náà mi ò ní fi ẹ̀bẹ̀ mi pa mọ́ di ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ kí LASU ka àwọn ìsọ̀ wa mọ́ ibi tí ìmọ̀ ti ń jáde. Mo fẹ́ kí ẹ máa rán akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ wá sọ́dọ̀ wa, kí ẹ sì bá wa wá ọ̀nà tí ohun tí oníṣẹ́ kan mọ̀ yóò fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kó tó bá a wọ sàréè.

Láti 1978 ni ọjà Alaba International ti wà ní Ọ̀jọ́. Ní 1983 ni wọ́n dá LASU sílẹ̀, tí ẹ̀yin náà fi di ará ọ̀nà Àgbádárìgì bíi tiwa. Alaba Rago fara ti ọjà ńlá yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta àgbò, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà tó ti Òkè Ọya wá; ibẹ̀ náà ni àlòkù ẹ̀rọ, irin àti bọ́ọ̀dù tó ti bàjẹ́ ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Láti Ìyànà Ìbà tó wà lẹ́nu géètì yín, bọ́ọ̀sì kan ló ń gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ ni fákọ́tì ìmọ̀ ẹ̀rọ yín wà. Ọ̀jọ́ wà ní ìwọ̀ oòrùn Èkó, Ẹ̀pẹ́ wà ní ìlà oòrùn pátápátá, gbogbo Èkó ló sì dí wọn láàárín. Ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ní LASU lè gboyè jáde láìfi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan lára àwọn ọjà ẹ̀rọ tó tóbi jù lọ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ọjà tí ilé ìwé rẹ̀ ń bá pín àdúgbò. Mi ò fi ìyẹn bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ẹni tó ń di àlàfo náà.

Ìmọ̀ wo gan-an ni mò ń sọ? Ẹ jẹ́ ká wọ ìsọ̀ kan. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kan wá. Ó ń sọ̀rọ̀ ketekete, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹni tó gbé e wá ti gbà pé ojú ti lọ, bẹ́ẹ̀ ojú ló wọ́n jù lára tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀gá ò tíì mú súkúrúdíráfà o. Ó ní kí ọmọṣẹ́ fa kọ́tìnì sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ ìta má wọlé. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Wò ó dáadáa." Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn, ó rí i pé èèyàn ń rìn nínú òkùnkùn yẹn, fírífírí. Ojú ò kú nìyẹn. Àwọn iná wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn ojú ló kú, wọ́n sì so kọ́ra bí ọmọdé tó di ara wọn lọ́wọ́ mú lọ sílé ìwé: bí ọ̀kan bá já, gbogbo wọn á dúró. Mítà ni yóò wá èyí tó já. Òmíràn tí wọ́n yọ lára tẹlifíṣọ̀n tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ni yóò rọ́pò rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ẹ́ gbé jù sí ààtàn padà sí pálọ̀, owó díẹ̀ sì ni oníbàárà san.

Ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì yẹn kì í ṣe ohun ìyanu, oníṣẹ́ ẹ̀rọ níbi gbogbo lágbàáyé ló mọ̀ ọ́n. Àmọ́ àwọn nǹkan mìíràn wà tó jẹ́ pé àdúgbò wa ló bí wọn. Àwọn tó ṣe tẹlifíṣọ̀n ní Korea tàbí ní Ṣáínà ò bá ọmọńlé ti Okokomaiko pàdé rí. Ọmọńlé fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ló bá wọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó dùbúlẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù iná, ara rẹ̀ sì so ojú ọ̀nà méjì tí kò yẹ kó pàdé pọ̀. Wọ́n ò mọ bí iná ṣe ń já wọlé lójijì lẹ́yìn tí wọ́n ti mú un lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, tàbí bí iná ṣe ń rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gílóòbù á máa pọ́n bí ẹyin iná. Wọ́n ò mọ ohun tí afẹ́fẹ́ iyọ̀ láti inú ọ̀sà ń ṣe sí ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù nílé ẹni tó ń gbé lẹ́bàá omi. Àwa la wo àìsàn wọ̀nyí, àwa la wá oògùn wọn, àwa la pààrọ̀ ẹ̀yà kékeré tí kò lè dúró sí èyí tó lè fara da iná Nàìjíríà. Ìmọ̀ tuntun nìyẹn, ẹ̀yin àgbà. Kò sí nínú ìwé kankan, nítorí kò sí ẹni tó kọ ọ́.

Kì í ṣe ọ̀gá nìkan ló ni ìmọ̀ náà. Àwọn ọmọ tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò tí wọ́n ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ ọmọ Hausa tí kò gbọ́ ju Hausa àti Píjìn lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á gbé bọ́ọ̀dù lé ọwọ́, á gbọ̀n ọ́n, á wo àwọ̀ rẹ̀, á sì sọ fún ọ bóyá inú rẹ̀ ṣì ní nǹkan tàbí wọ́n ti tú u jẹ tán. Mo mọ àwọn ọ̀gá tí kì í ra bọ́ọ̀dù àfi tí irú ọmọ yẹn bá ti fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń ta bọ́ọ̀dù mọ èyí tó bá èyí mu láàárín orúkọ tẹlifíṣọ̀n oríṣiríṣi, nítorí ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe ọ̀pọ̀ wọn. Oníbàárà náà mọ tirẹ̀: òun ló mọ̀ pé ìgbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò ni tẹlifíṣọ̀n òun máa ń kú. Bí ẹ bá to gbogbo wọn pọ̀, ilé iṣẹ́ ńlá kan ni, tí kò ní pátákó, tí kò ní ọ́fíìsì. Ẹnu ni ìwé rẹ̀.

Ẹnu yìí ló sì ń bà mí lẹ́rù. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá dákẹ́, ó parí. Ọ̀pọ̀ wa sì ń dákẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ni. Mo ti rí ọ̀gá tó fi ọ̀bẹ fá nọ́ńbà orí IC, ẹ̀yà dúdú kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù, kí ẹni tó bá tún ẹ̀rọ náà ṣí má baà mọ ohun tí òun fi síbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dé ojú ibi tó ṣe pàtàkì, ọ̀gá á rán ọmọṣẹ́ lọ ra omi. Ọmọ á lo ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, á gba fíríìdọ́ọ̀mù, wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á ya fọ́tò, bẹ́ẹ̀ ìdajì iṣẹ́ ló kọ́. Ẹ má tètè dá ọ̀gá lẹ́bi. Ọmọ tó gba fíríìdọ́ọ̀mù lónìí lè ṣí ìsọ̀ sí ọ̀ọ́kán ẹni lọ́la, kó sì sọ owó iṣẹ́ kalẹ̀. Kò sí ohun tí ọ̀gá ń rí gbà nínú kéèyàn la ẹnu sọ gbogbo ohun tó mọ̀, àfi ìpàdánù. Ohun tó yẹ ká tún ṣe nìyẹn, torí ìwàásù lásán ò lè yí ẹni tí ebi ń lé padà.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì lè dúró pẹ́. Wọ́n ti wó ìsọ̀ ní Alaba Rago rí, ẹ̀yin náà gbọ́ nípa rẹ̀. Ohun tí ìwé ìròyìn kọ ni ọjà tó ṣòfò àti owó tó wọgbó. Wọn ò kọ pé nígbà tí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fọ́n ká, tí ọ̀kan gba Ìbà, tí òmíràn gba Àgbádárìgì, tí ẹlòmíràn padà sí Kano, ìbéèrè tí ọ̀kan máa ń na ọwọ́ bi ìkejì láìdìde lórí àga kò ní ẹni tí yóò dáhùn rẹ̀ mọ́. Ojú irin aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án 2023, Okokomaiko ló ń bọ̀. Inú mi dùn sí i, ọ̀nà yìí ti jẹ wá níyà tó. Ṣùgbọ́n ibi tí reluwé bá gbà, ìsọ̀ á kúrò. Ẹ tún wo bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù tí a ń pè ní Volks: ilé iṣẹ́ Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ìjàpá níbẹ̀ ní 1975 ló ni orúkọ yẹn. Lónìí, ọmọ tó ń gun bọ́ọ̀sì kọjá níbẹ̀ gbà pé orúkọ àdúgbò lásán ni. Àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn to ọkọ̀ yẹn, ta ló jókòó tì wọ́n gba ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀?

Àwọn kan ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí jà níbòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, Julian Orr, onímọ̀ nípa ìṣe ẹ̀dá tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ rí, tẹ̀ lé àwọn tó ń tún ẹ̀rọ fótókọ́pì Xerox ṣe, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1996. Ilé iṣẹ́ gbà pé ìwé ìlànà tí òun kọ fún wọn ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Orr rí i pé ìtàn ni: nídìí oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ti ń sọ fún ara wọn nípa ẹ̀rọ tó ń ya wèrè, ibẹ̀ ni ojútùú ti ń wá. Xerox wá ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní Eureka láàárín àwọn ọdún 1990, ilẹ̀ Faransé ló sì ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀. Oníṣẹ́ tó bá rí ọgbọ́n tuntun á kọ ọ́ ránṣẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ iṣẹ́ á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ṣọwọ́ sí gbogbo oníṣẹ́ yòókù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ohun tí wọ́n máa fi san án fún wọn, àwọn oníṣẹ́ ní kì í ṣe owó ni àwọn ń wá, bí kò ṣe kí orúkọ àwọn wà lára ọgbọ́n tí àwọn mú wá.

Mo lóye ìyẹn dé ọkàn. Ọ̀gá tó ń fá nọ́ńbà orí IC ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé bí ọgbọ́n rẹ̀ bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní rántí mọ́ pé òun ló ni ín. Ẹ jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ máa bá a rìn, ẹ ó rí bí yóò ṣe sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ yunifásítì láti jókòó ti ẹni tí kò kàwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá jókòó ti àwọn babaláwo, ó gba ohùn ẹnu wọn sílẹ̀, ó tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968. Ní 1982 ó di Gíwá ní Ifẹ̀. Ní 2005, UNESCO ka Ifá mọ́ àwọn àjogúnbá tó ṣe iyebíye fún gbogbo ọmọ ènìyàn. Àwọn babaláwo náà kò sì dúró de yunifásítì kí wọ́n tó ní ètò. Awo ni wọ́n, wọ́n mọ ohun tí à ń pè ní àṣírí, síbẹ̀ wọ́n máa ń pé jọ, ọ̀kan á kì, àwọn yòókù á gbọ́, bí ó bá ṣì í, wọ́n á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ awo ti ń gbọ́ ẹsẹ tí ọ̀gá rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Bí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ awo bá lè ṣe èyí, oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kò ní àwáwí.

Ní báyìí, ohun tó wà níkàáwọ́ yín. Láti 1973 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ti dá ètò SIWES sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ bí iṣẹ́ ṣe rí kó tó gboyè. Oṣù mẹ́fà ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ń lò nídìí rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ọmọ yìí ṣe ń sáré kiri Èkó láti wá ibi tí wọ́n ti máa ṣe IT, bí wọ́n ṣe ń pe ìkẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, tí ọ̀pọ̀ wọn á sì bá ara wọn ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń rán wọn lọ da ìwé kọ, tí wọ́n á lọ ra búrẹ́dì fún ọ̀gá. Ẹ fọwọ́ sí ìsọ̀ wa gẹ́gẹ́ bí ibi IT. Ẹ yan àwọn ọ̀gá tó ti yege ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní Trade Test tàbí tí ẹgbẹ́ wọn bá lè jẹ́rìí sí, kí olùkọ́ yín wá wò wọ́n kó tó fi ọmọ sí wọn lọ́wọ́.

Ọmọ tó bá wá yóò mú lọ́ọ̀gì búùkù rẹ̀ dání, ìwé tó gbọ́dọ̀ máa kọ ohun tó ṣe sí, tí a ó sì fọwọ́ sí i fún un. Ìwé kékeré yìí ni ọkàn mi wà lára rẹ̀ jù. Wọ́n ń kọ ọ́, olùkọ́ ń wò ó, ó ń fún wọn ní máàkì, ó parí síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí lọ́ọ̀gì búùkù tó bá ti ìsọ̀ wa wá ní ohun márùn-ún nínú lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan: irú ẹ̀rọ tó jẹ́, ohun tó ń ṣe é, ohun tí a kọ́kọ́ dán wò tí kò ṣiṣẹ́, ohun tó padà ṣiṣẹ́, àti orúkọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Èyí tí kò ṣiṣẹ́ yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò ó, nítorí ibẹ̀ ni ọmọṣẹ́ ti ń kọ́ ọgbọ́n jù. Kí ẹ̀dà kan wà ní láíbúrárì yín, kí ẹ̀dà kejì wà ní ìsọ̀. Láàárín ọdún mélòó kan, ìwé tí ẹnikẹ́ni ò ní irú rẹ̀ yóò wà nílẹ̀: bí ẹ̀rọ ṣe ń kú ní Nàìjíríà àti bí a ṣe ń jí i.

Ẹ ní ilé iṣẹ́ rédíò, LASU Radio 95.7 FM, tí a ń gbọ́ ní ìsọ̀ tí a bá ń jó bọ́ọ̀dù. Ẹ fún wa ní wákàtí kan lọ́sẹ̀. Kí oníṣẹ́ méjì jókòó, kí wọ́n sọ nípa ẹ̀rọ kan tó yọ wọ́n lẹ́nu, lọ́sẹ̀ kan ní Yorùbá, lọ́sẹ̀ kejì ní Hausa, lẹ́yìn náà ní Igbo àti Píjìn. Ẹ sì yá wa ní gbọ̀ngàn kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí olúkúlùkù gbé ẹ̀rọ tó lé e dé ògiri wá. Mo mọ̀ pé àwọn tó máa kọ́kọ́ wá kò ní pọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ń bẹ lórí ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún la ti ń rí akẹ́kọ̀ọ́ oríṣiríṣi ilé ìwé tó ń gbé fọ́ọ̀mù ìbéèrè wá sí ọjà wa. A dá wọn lóhùn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ, a ò sì tún gbúròó wọn mọ́. Ohun tí a sọ di oyè wọn, àwa ò mọ ohun tí wọ́n rí. Kó má rí bẹ́ẹ̀ lórí èyí. Ẹni tó bá ni ọgbọ́n, kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ bó bá fẹ́. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ sọ, kí ẹ fi í sílẹ̀. Bí owó bá sì ti ibẹ̀ jáde, kí ó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ̀yin náà ní ohun tí a kò ní. Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ilé iṣẹ́ Àdéhùn Basel tó wà ní Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù àlòkù ẹ̀rọ ló ń wọlé lọ́dún, tí ó kéré tán 15,700 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ ti bàjẹ́ kó tó gúnlẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń jí lọ́wọ́ wa. Èyí tí kò jí, àwọn ọmọ kékeré ló ń fi òkúta fọ́ ọ, tí wọ́n ń sun wáyà rẹ̀ láti yọ bàbà. Òjé wà nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ àti nínú sọ́dà tó mú ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù. Olóró ni èéfín wáyà. Ní Zamfara ní 2010, òjé tó jáde nígbà tí wọ́n ń lọ òkúta wúrà nínú ilé pa ọmọdé tó lé ní 400. Àwọn òbí wọn ò mọ̀. Àwọn tó mọ ohun tí òjé ń ṣe lára ọmọdé wà ní yunifásítì àti ilé ìwòsàn láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà kò dé abúlé kó tó di ọ̀ràn ikú. Àwọn ọmọ tó ń sun wáyà lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ wọn, apá ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ẹ ní olùkọ́ kẹ́místrì, ẹ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ẹ rán wọn wá kọ́ wa bí a ṣe ń bó wáyà láìsun ún, ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fọ́, àti ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ ká tó jẹun. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Hausa wà lára wọn, kí wọ́n sì dé ìdí iná náà gan-an, kó má jẹ́ ọ̀dọ̀ alága ọjà nìkan ni wọ́n á dé tí wọ́n á fi padà.

Kí ẹ tó pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún SIWES tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí ọ́fíìsì tó ń bójú tó o rán ẹnì kan wá sí Alaba Rago. Ẹni tó bá wá kò nílò ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kó béèrè àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, a ó mú un yí ìsọ̀ ká. A ó sì kọ orúkọ àwọn ọ̀gá tó fẹ́ gba ọmọ sílẹ̀ fún un, àti iye ọmọ tí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbà.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Alaba Rago, Ọ̀jọ́.